Òfin Ààbò Lẹ́nu Iṣẹ́: Èwo Ni Ká Mú Nínú Ọ̀nà Tí Orílẹ̀-Èdè Kọ̀ọ̀kan Ń Gbà Mú Àdéhùn Àgbáyé Ṣẹ?

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2013, ògiri ilé alájà mẹ́jọ kan tí wọ́n ń pè ní Rana Plaza sán lórílẹ̀-èdè Bángládẹ́ṣì. Ojú gbogbo ènìyàn ló tó o. Ilé ìfowópamọ́ àti àwọn ìsọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ wọn máa lọ sílé. Àwọn tó ń ránṣọ lókè ni wọ́n sọ fún pé kí wọ́n padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n wá. Ilé wó lulẹ̀, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 1,100.

Kì í ṣe pé orílẹ̀-èdè náà kò ní òfin iṣẹ́. Ó ní in, láti ọdún 2006. Ohun tí àwọn aránṣọ yẹn kò ní ni agbára láti sọ pé, "A ò wọlé lónìí," kí iṣẹ́ má sì bọ́ lọ́wọ́ wọn nítorí ọ̀rọ̀ náà. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ tí mo bá fẹ́ ka òfin ààbò iṣẹ́ ibikíbi: ta ló lè dá iṣẹ́ dúró kí jàǹbá tó ṣẹlẹ̀? Bí mi ò bá rí ìdáhùn, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ṣì kù lára òfin náà, bó ti wù kí ìwé rẹ̀ nípọn tó.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá pè sínú ìgbìmọ̀ tó ń kọ àbá òfin ni mo kọ èyí fún, àti ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá bi léèrè pé, "Irú òfin wo lẹ fẹ́ gan-an?" Agbanisíṣẹ́ tó ní ẹ̀ka ní orílẹ̀-èdè méjì tàbí mẹ́ta náà yóò rí nǹkan mú níbẹ̀, torí òun ló ń rí i lójoojúmọ́ pé ohun tí òfin gbà níhìn-ín lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́hùn-ún.

## Ohun tí àdéhùn àgbáyé béèrè

ILO, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ láti ọdún 1919, ti ṣe àdéhùn púpọ̀ lórí ààbò. Mẹ́ta ló jẹ́ òpó ilé: Àdéhùn 155 ti ọdún 1981, Àdéhùn 161 ti ọdún 1985 tó dá lórí ètò ìlera níbi iṣẹ́, àti Àdéhùn 187 ti ọdún 2006 tó ní kí orílẹ̀-èdè máa tún ètò ààbò rẹ̀ ṣe láti ìgbà dé ìgbà. Àwọn mìíràn wà fún iṣẹ́ kan pàtó: 167 fún ilé kíkọ́, 176 fún ìwakùsà, 184 fún iṣẹ́ àgbẹ̀.

Nínú Àdéhùn 155 ni ẹran ọ̀rọ̀ wà. Abala 4 ní kí ìjọba, agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ jọ jókòó ṣe ìlànà orílẹ̀-èdè. Abala 9 ní kí aṣàyẹ̀wò wà, kí ìjìyà sì wà fún ẹni tó bá rú òfin. Abala 13 dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó bá kúrò nídìí iṣẹ́ nítorí ó ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání láti gbà pé ewu ńlá ti súnmọ́ tòsí. Abala 21 sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan tí mo fẹ́ràn gidigidi: owó ààbò kò gbọdọ̀ jáde lápò òṣìṣẹ́. Ẹni tí wọ́n bá ń yọ owó ìbọ̀wọ́ àti bàtà iṣẹ́ nínú owó oṣù rẹ̀ yẹ kó mọ abala yìí sórí.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìpàdé àpérò ILO fi ààbò àti ìlera lẹ́nu iṣẹ́ kún àwọn ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ òṣìṣẹ́, Àdéhùn 155 àti 187 sì di àdéhùn ìpìlẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé orílẹ̀-èdè tó jẹ́ ọmọ àjọ náà gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún ìlànà wọn, ì báà má tíì buwọ́ lù wọ́n.

Ṣùgbọ́n àdéhùn kì í sọ ọ̀nà tí orílẹ̀-èdè yóò gbà dé ibẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni à ń yàn.

## Ìbuwọ́lù ṣáájú, àbí òfin ṣáájú?

Ẹ jẹ́ ká fi Nàìjíríà àti Síńgápọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn méjèèjì ló jogún irú òfin kan náà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Nàìjíríà tún tirẹ̀ kọ ní ọdún 1987, ó sì buwọ́ lu Àdéhùn 155 ní 1994. Àmọ́ abala 12 ìwé òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 sọ ọ́ gbangba pé àdéhùn kankan kò ní agbára òfin nílé àfi tí ilé aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìbuwọ́lù yẹn, òfin 1987 kan náà ni àwọn aṣàyẹ̀wò ń gbé rìn. Àtúnṣe kẹta tí wọ́n ṣe sí ìwé òfin náà ṣí fèrèsé kékeré kan: abala 254C fún ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ lágbára láti lo àdéhùn iṣẹ́ tí orílẹ̀-èdè ti buwọ́ lù. Fèrèsé náà wúlò, mi ò kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti farapa, tó sì ní owó agbẹjọ́rò, ló lè gba ibẹ̀ wọlé.

Síńgápọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ní 2004, ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀ fún ọ̀nà rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ya lulẹ̀, ènìyàn mẹ́rin sì kú. Ní 2006 wọ́n pa òfin ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tì, wọ́n gbé òfin ààbò tuntun dìde. Ní 2011 wọ́n nà án kan gbogbo ibi iṣẹ́. Ìgbà tí gbogbo èyí ti wà nílẹ̀ tán, ní 2019, ni wọ́n tó buwọ́ lu Àdéhùn 155.

Amẹ́ríkà kò buwọ́ lu 155, síbẹ̀ ó ní òfin ààbò tó lágbára láti ọdún 1970, kí àdéhùn náà tó wáyé rárá. Ti ìwakùsà, ìyẹn 176, ló buwọ́ lù ní 2001, torí òfin ìwakùsà rẹ̀ ti tó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Irú kẹta wà. Abala 55 ìwé òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Faransé gbé àdéhùn tí wọ́n ti buwọ́ lù lékè òfin ilé, bẹ́ẹ̀ náà sì ni abala 147 ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Lójú ìwé, ọ̀nà yìí ló yá jù. Ṣùgbọ́n ẹ tún Àdéhùn 155 kà: púpọ̀ nínú rẹ̀ ń sọ pé kí ìjọba "ṣe ìlànà", kí ó "rí i dájú". Òṣìṣẹ́ kò lè gbé irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lọ síwájú adájọ́ kó ní kí ọ̀gá òun san báyìí. Ó di dandan kí òfin ilé wá sọ iye, ọjọ́ àti orúkọ ẹni tí ojúṣe wà lọ́rùn rẹ̀.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ yàn, òfin ni màá fi ṣáájú, tàbí kí òfin àti ìbuwọ́lù jọ wọlé lọ́jọ́ kan náà. Kì í ṣe pé ìbuwọ́lù kò níye lórí o. Orílẹ̀-èdè tó bá buwọ́ lù gbọ́dọ̀ máa jábọ̀ fún ILO lábẹ́ abala 22 ìwé ìdásílẹ̀ àjọ náà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì lè fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn amòye tó ń ka ìjábọ̀ ọ̀hún. Ohun ìjà gidi nìyẹn fún ẹgbẹ́ tó bá mọ̀ ọ́n lò. Àmọ́ ìjọba tó ti rí ìyìn gbà lórí ìbuwọ́lù kì í tún yára mọ́ láti ṣe òfin.

## Kí òfin ka gbogbo ewu lẹ́sẹẹsẹ, àbí kó gbé ojúṣe kan ṣoṣo kalẹ̀?

Ibí yìí ni àríyànjiyàn pọ̀ sí jù, torí owó wà níbẹ̀.

Kí ọdún 1974 tó dé, ìdì òfin mẹ́sàn-án àti ìlànà abẹ́ òfin tó tó bí 500 ló wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ààbò iṣẹ́. Ọ̀kan fún ibi ìwakùsà, ọ̀kan fún ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, ọ̀kan fún ọ́fíìsì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbìmọ̀ tí Lord Robens darí jábọ̀ ní 1972 pé òfin ti pọ̀ jù débi pé àwọn ènìyàn rò pé iṣẹ́ ìjọba nìkan ni ààbò. Òfin 1974 kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ojúṣe kan: kí agbanisíṣẹ́ dáàbò bo ìlera àti ẹ̀mí òṣìṣẹ́ rẹ̀ níwọ̀n bí ó bá ti bọ́gbọ́n mu láti ṣe é tó.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn máa ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn. "Ta ni yóò sọ ohun tó bọ́gbọ́n mu? Ọ̀gá yóò kàn ní kò sówó ni." Ìbẹ̀rù náà kò burú, ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe dè é. Láti ọdún 1949 ni ilé ẹjọ́ wọn ti sọ pé kí wọ́n gbé ewu àti ìnáwó sórí òṣùwọ̀n. Àfi tí ìnáwó náà bá pọ̀ ju ewu lọ rékọjá ààlà nìkan ni agbanisíṣẹ́ lè ní òun kò ṣe é. Abala 40 òfin 1974 tún yí ẹrù náà: kì í ṣe òṣìṣẹ́ tàbí ìjọba ni yóò fi hàn pé ó ṣeé ṣe, agbanisíṣẹ́ ni yóò fi hàn pé kò ṣeé ṣe. Àjọ ilẹ̀ Yúróòpù kò fara mọ́ gbólóhùn yìí, ó gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí ilé ẹjọ́ pé ó lòdì sí òfin ààbò Yúróòpù ti ọdún 1989. Ní ọdún 2007 ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ náà nù. Abala 16 Àdéhùn 155 pàápàá lo irú gbólóhùn yẹn. Bí ẹ bá máa yá a lò, ẹ má ṣe yá gbólóhùn náà nìkan kí ẹ fi abala tó yí ẹrù sílẹ̀. Ìdajì rẹ̀ burú ju àìsí lọ.

Òfin Yúróòpù ti 1989 yẹn ní nǹkan kan tí mo gbà pé ó dára ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ: ó to ìgbésẹ̀ tẹ̀lé ara. Kọ́kọ́ yẹra fún ewu. Èyí tí o kò bá lè yẹra fún, bá a jà láti orísun rẹ̀. Fi ohun tí kò léwu rọ́pò èyí tó léwu. Ààbò tó kárí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣáájú ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá tó bá kọ́kọ́ pín ìbòmú, láìgbìyànjú láti fa eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́, ti fi ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ síwájú.

Lápá kejì, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí òfin tó bá ka nǹkan lẹ́sẹẹsẹ. Ní 1971, Amẹ́ríkà gbé ìwọ̀n kalẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún kẹ́míkà, iye tí òṣìṣẹ́ lè fà símú lójúmọ́. Ìmọ̀ àwọn ọdún 1960 ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú wọn. Ní 1989 wọ́n gbìyànjú láti tún ọ̀pọ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé ẹjọ́ fagi lé e ní 1992. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ìwọ̀n 1971 ṣì ni òfin níbẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró òṣìṣẹ́ kò dúró de ilé ẹjọ́.

Ṣé ojúṣe kan ṣoṣo ló dára jù nígbà náà? Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún kò ní amòye tí yóò wọn ewu fún un. Ohun tó fẹ́ gbọ́ ni: irin ìdènà yìí gbọ́dọ̀ ga tó báyìí, àkàbà yìí gbọ́dọ̀ rí báyìí. Bí òfin bá kàn sọ fún un pé kó ṣe ohun tó bọ́gbọ́n mu, kò ní ṣe nǹkan kan.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ràn ọ̀nà Bùràsíìlì. Ìlànà tí wọ́n ń pè ní NR wà níbẹ̀ láti ọdún 1978, wọ́n ní nọ́ńbà, wọ́n sì sọ ojú abẹ níkòó lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n wà, kì í ṣe ọwọ́ ilé aṣòfin. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba, agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ jọ wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń jíròrò àtúnṣe wọn. Ojúṣe tó gbòòrò nínú òfin, ìlànà tó ṣe kedere lábẹ́ rẹ̀, tó sì ṣeé tún ṣe láìjẹ́ pé wọ́n ń dúró de ìdìbò àwọn aṣòfin: ìyẹn ni màá mú.

## Ta ni òfin náà kàn?

Kúkúrú ni ọ̀rọ̀ mi níbí, torí ibi tí wọ́n ti ń yọ ènìyàn sílẹ̀ kò fara sin. Òfin tó bá dá lórí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ yóò fi àgbẹ̀ àti akọ́lé sílẹ̀. Òfin Yúróòpù ti 1989 yọ òṣìṣẹ́ inú ilé kúrò nínú ìtumọ̀ "òṣìṣẹ́". Ní Amẹ́ríkà, òfin ìnáwó ọdọọdún kò jẹ́ kí àjọ ààbò wọn náwó láti ṣàyẹ̀wò oko tó bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá tàbí kó dín, bí kò bá ti sí ibùgbé òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ níbẹ̀. Àdéhùn 155 gbà pé orílẹ̀-èdè lè yọ iṣẹ́ kan sílẹ̀, bí iṣẹ́ orí omi tàbí ẹja pípa, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ bá òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ sọ̀rọ̀ ṣáájú, kó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ILO.

Ẹ mú ọ̀nà Síńgápọ̀: kí òfin kan gbogbo ibi iṣẹ́, kí ẹ wá ka àwọn tí ẹ yọ sílẹ̀. Má ṣe ka àwọn tí ó kàn, torí ẹni tí a gbàgbé láti kà ni ewu máa ń bá.

## Ta ló lè dá iṣẹ́ dúró?

Mo ti sọ pé ibí ni ọkàn ọ̀rọ̀ yìí wà lójú mi. Ẹni mẹ́ta ni òfin lè fún lágbára náà: òṣìṣẹ́ fún ara rẹ̀, aṣojú òṣìṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn, àti aṣàyẹ̀wò ìjọba. Òfin dáadáa máa ń fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

| Ibi | Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ | Aṣojú òṣìṣẹ́ | Aṣàyẹ̀wò |
|---|---|---|---|
| Swídìn | Ó lè dúró | Ó lè dá iṣẹ́ dúró fún gbogbo wọn | Ó lè kà á léèwọ̀ |
| Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì | Òfin 1996 dáàbò bò ó | Kò lè pàṣẹ ìdádúró | Ó ń kọ ìwé ìdádúró lójú ẹsẹ̀ |
| Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ | Ẹ̀tọ́ wà, àmọ́ ó há | Kò sí nínú òfin àpapọ̀ | Wọ́n ń lọ sí ilé ẹjọ́ |
| Gúúsù Áfíríkà, ìwakùsà | Ó lè jáde | Ó lè ní kí wọ́n jáde | Ó lè dá iṣẹ́ dúró |

Ẹ jẹ́ kí n tú u díẹ̀. Òfin iṣẹ́ Swídìn ti 1977 ní kí aṣojú ààbò wà níbikíbi tí òṣìṣẹ́ bá ti tó márùn-ún. Bí ewu ńlá bá dojú kọ òṣìṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, tí aṣojú yìí sì bá agbanisíṣẹ́ sọ̀rọ̀ tí kò rí àtúnṣe, ó lè ní kí iṣẹ́ dúró títí àjọ ìjọba yóò fi wá dá sí i. Bí wọ́n bá wá rí i pé ewu náà kò tó bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Òfin ní aṣojú náà kò ní san gbèsè àdánù tí ìdádúró náà fà. Ojú lásán lè má ka abala kékeré yìí sí, àmọ́ òun ló gbé gbogbo rẹ̀ ró. Ta ni yóò dá ẹ̀rọ dúró, tó bá mọ̀ pé wọ́n lè ní kí òun san owó iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta? Àwọn ibi iṣẹ́ kéékèèké tí kò ní aṣojú tiwọn, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lè yan aṣojú agbègbè tí yóò máa yí ká wọn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, agbára wà lọ́wọ́ aṣàyẹ̀wò jù. Ó lè kọ ìwé tó ní kí wọ́n ṣàtúnṣe láàárín iye ọjọ́ tó dá fún wọn, tàbí ìwé tó dá iṣẹ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá kúrò nídìí ewu ní ààbò lábẹ́ abala 44 òfin iṣẹ́ ti 1996. Ní ọdún 2021 wọ́n nà án kan àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún ènìyàn láìjẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà ní kíkún.

Ti Amẹ́ríkà ya mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Aṣàyẹ̀wò àjọ ààbò iṣẹ́ tó bá rí ewu tó lè pani kò lè ti ibẹ̀ pa fúnra rẹ̀. Ó lè sọ fún òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá wọn, kí iléeṣẹ́ ìjọba wá lọ bẹ adájọ́ pé kó pàṣẹ. Láti ìdájọ́ 1978, bí ọ̀gá bá ní kó má wọlé, ó gbọ́dọ̀ lọ gba ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ní ibi ìwakùsà lórílẹ̀-èdè kan náà, òfin 1977 fún aṣàyẹ̀wò lágbára láti kó gbogbo awakùsà jáde lójú ẹsẹ̀. Ìdí tí awakùsà fi ní ohun tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ kò ní kò ju pé ikú awakùsà ti pọ̀ púpọ̀ kí wọ́n tó kọ òfin náà. Mi ò fẹ́ kí orílẹ̀-èdè kankan tún fi òkú ka iye tó tó kó tó fún ènìyàn lágbára yìí. Àdéhùn 81 ti ọdún 1947 ti sọ ọ́ tipẹ́: kí aṣàyẹ̀wò lè wọlé lọ́sàn-án lóru láìkéde, kí ó sì lè pàṣẹ tó múlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ bí ewu bá ti dé tán.

Ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ wá láti inú ìlànà abẹ́ òfin tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fọwọ́ sí ní 1980. Ó wà, ṣùgbọ́n ó há: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ewu ikú tàbí ìfarapa ńlá, kí àyè má sì sí láti pe àjọ ìjọba. Àdéhùn 155 gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abala 19 rẹ̀ tilẹ̀ sọ pé ọ̀gá kò gbọ́dọ̀ ní kí òṣìṣẹ́ padà síbi ewu tí kò tíì ṣàtúnṣe rẹ̀. Ohun tó yẹ kó dá àwọn aránṣọ Rana Plaza dúró síta nìyẹn. Lẹ́yìn jàǹbá náà, àdéhùn tí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ àgbáyé àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bára wọn ṣe ní 2013 fi ẹ̀tọ́ láti kọ iṣẹ́ eléwu sínú rẹ̀.

Àwọn agbanisíṣẹ́ máa ń bẹ̀rù pé wọn yóò máa ṣi ẹ̀tọ́ yìí lò. Mo gbọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ "ìdí tó mọ́gbọ́n dání" ló wà fún un. Òṣìṣẹ́ kò kàn lè sọ pé ara òun ò yá sí i.

## Aṣàyẹ̀wò ìjọba, àbí ilé adójútòfò?

Jámánì ní méjèèjì. Láti ọdún 1884 ni wọ́n ti ní ètò adójútòfò jàǹbá iṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ nìkan ló ń san owó rẹ̀, bí iṣẹ́ bá sì ṣe léwu tó ni owó ṣe ń pọ̀ tó. Àwọn ilé adójútòfò náà ní aṣàyẹ̀wò tiwọn, wọ́n sì ń ṣe ìlànà ìdènà jàǹbá, yàtọ̀ sí aṣàyẹ̀wò ìjọba ìpínlẹ̀. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé ẹni tí yóò san owó gbà-má-bínú lọ́la ló ń wá wo ẹ̀rọ lónìí. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni wọ́n ti ń wò ó.

Nàìjíríà ní ètò owó gbà-má-bínú láti ọdún 2010: agbanisíṣẹ́ ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò kan. Òfin yìí kan iṣẹ́ púpọ̀ ju òfin ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti 1987 lọ. Ìyẹn ni pé ẹni tí òfin ìdènà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè gba owó lẹ́yìn tó bá ti farapa. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló wà báyìí, a sì gbọ́dọ̀ sọ pé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ṣáájú orí.

Ẹ tún rántí àìsàn. ILO fojú bù ú ní 2023 pé òṣìṣẹ́ tó tó mílíọ̀nù mẹ́ta ni iṣẹ́ ń pa lọ́dọọdún, tí nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.6 nínú wọn sì jẹ́ nípasẹ̀ àìsàn. Jàǹbá ẹ̀rọ máa ń pariwo. Eruku kì í pariwo. Aṣàyẹ̀wò tó bá ń dé kìkì ìgbà tí wọ́n bá ròyìn ìfarapa kò ní rí ẹni tí eruku ń jẹ níkọ̀ọ̀kọ̀. Orílẹ̀-èdè tí kò bá ní aṣàyẹ̀wò púpọ̀ lè kọ́kọ́ mú ọ̀nà adójútòfò, ṣùgbọ́n kí òfin kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdá kan pàtó nínú owó náà gbọ́dọ̀ lọ sí ìdènà. Bí wọn kò bá kọ ọ́, kò ní lọ.

## Ìtanràn àti ìwé ẹ̀rí

Òfin tó bá kọ iye owó ìtanràn sílẹ̀ gedegbe ti ń kú díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, torí owó ń sọ agbára rẹ̀ nù. Gánà yanjú èyí ní ọdún 2000: òfin 572 wọn ní kí wọ́n máa fi "ẹyọ ìtanràn" ka ìjìyà, kí wọ́n sì máa yí iye ẹyọ kan padà bó bá ṣe yẹ. Australia náà ń lo irú rẹ̀. Kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan láti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ìwé ẹ̀rí ISO 45001, ìlànà àgbáyé lórí ètò ààbò iṣẹ́ tó jáde ní 2018, ti tó. Ó wúlò fún ilé iṣẹ́ ńlá tó fẹ́ tún ètò rẹ̀ tò. Ṣùgbọ́n kò fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ tó lè gbé lọ sí ilé ẹjọ́, ẹni tó sì ń gba ìwé ẹ̀rí náà ló ń sanwó fún ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò òfin.

## Èwo ni kí ẹ mú?

Bí aṣàyẹ̀wò yín bá kéré, tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì lágbára, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà Swídìn: aṣojú ààbò tó lè dá iṣẹ́ dúró. Bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá rọ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé agbára fún aṣàyẹ̀wò bí ti Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì fi ààbò fún aṣojú tí òṣìṣẹ́ bá dìbò yàn. Ìwé òfin ìpìlẹ̀ Bùràsíìlì ti 1988 kò jẹ́ kí wọ́n lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ láìnídìí, títí ọdún kan lẹ́yìn tí sáà rẹ̀ bá parí. Bí ibi iṣẹ́ kéékèèké bá pọ̀ níbi tí ẹ wà, ìlànà tó ṣe kedere ló yẹ kó gba àkókò yín jù, àti aṣojú agbègbè. Bí ẹ bá jẹ́ agbanisíṣẹ́ tó ní ẹ̀ka káàkiri, ẹ mú èyí tó le jù nínú àwọn òfin tó dè yín, kí ẹ lò ó níbi gbogbo. Ó rọrùn láti kọ́ òṣìṣẹ́ ní ìlànà kan ju mẹ́ta lọ.

Bí àbá òfin bá sì dé ọwọ́ yín, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ kíkà rẹ̀ láti ojú ewé kìíní, níbi tí wọ́n ti ń kọ ète dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ibi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, kí ẹ wo ẹni tí wọ́n pè ní "òṣìṣẹ́" àti ohun tí wọ́n pè ní "ibi iṣẹ́". Lẹ́yìn náà, ẹ wá abala tó sọ pé òṣìṣẹ́ lè kúrò nídìí ewu. Bí kò bá sí, ẹ kọ ọ́ sí etí ìwé náà kí ẹ tó yí ojú ewé kejì.